Yíyan Ohun Tí Yóò Máa Wọ́ Afárá Ẹ̀rọ CNC Tí Ọ̀nà Rẹ̀ Gùn

Ilẹ̀kùn tí àwa gbẹ́nàgbẹ́nà ń kàn ní Ilé-Ifẹ̀ sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje, odindi pílíwúùdù kan sì jẹ́ mìlímítà 2440 ní gígùn àti 1220 ní ìbú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí yóò máa gbẹ́ ilẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń tú igi náà yí padà láàárín iṣẹ́, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lè rìn tó mítà méjì ààbọ̀. Gígùn yìí ni kò jẹ́ kí a lè kàn wo ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí tábìlì ẹlòmíràn, kí a sì sọ ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn irin tó gbé ẹ̀rọ náà ró ṣeé fà gùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ kì í sábà ṣeé fà gùn bẹ́ẹ̀.

Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, afárá ni mo pe irin tó dábùú orí tábìlì, èyí tó gbé orí ẹ̀rọ àti bíìtì rẹ̀, ìyẹn irin olójú mímú tó ń yí tó sì ń jẹ igi. Ọ̀nà gígùn ni mo pe ìhà tí afárá náà ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì dé òpin rẹ̀. Stepper ni mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń lò, èyí tí ìgbésẹ̀ 200 ń pé ìyípo kan lára rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni a sábà máa ń fi so stepper mọ́ afárá: síkúrúù, bẹ́líìtì, ṣéènì, àti irin gbọọrọ oníeyín tí àwọn mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ṣe mọ̀ sí ráàkì. Èrò mi, lẹ́yìn ẹ̀rọ méjì tí mo ti ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlódè, ni pé ráàkì ni ó yẹ kí ẹni tó ń gé igi fi sí ọ̀nà tó bá ti ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ fi ìṣirò tiyín dé ibẹ̀, nítorí iṣẹ́ yín lè má jẹ́ irú tèmi.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe sílẹ̀

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ohun tí ẹ fẹ́ máa gé, bí afárá ṣe gbọ́dọ̀ yára tó, àti ìwọ̀n àṣìṣe tí iṣẹ́ náà lè gbà. Ẹni tó fẹ́ máa fi iná plasma gé páànù irin fún géètì kò nílò ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbẹ́ àwòrán sára ìrókò. Iná plasma kì í fara kan irin tó ń gé, nítorí náà kò sí ohun tó ń ti afárá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bíìtì tó ń jẹ igi líle ń ti afárá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá wà nínú igi.

Ìyára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Tí bíìtì olójú méjì bá ń yí ní ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí a sì fẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan máa bu 0.1 mìlímítà nínú igi, afárá gbọ́dọ̀ máa rin mìlímítà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan. Bí afárá kò bá lè rìn ju 1,500 lọ, ojú bíìtì kọ̀ọ̀kan kò ní bu ju bíi 0.04 mìlímítà lọ. Kì í ṣe gígé mọ́ nìyẹn. Bíìtì náà ń ha igi ni, ara igi á máa dúdú bí ohun tí iná rà, bíìtì tí a fi owó ńlá rà á sì kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹni tó ń gbẹ́ àwòrán tó yọ lójú igi tún ní ìdí mìíràn láti bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń fà. Ká sọ pé àwòrán náà gùn tó mítà méjì, tó fẹ̀ tó mìlímítà 800, tí bíìtì sì ń sún sí ẹ̀gbẹ́ ní mìlímítà kan lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ìrìn 800 ni yóò rìn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1,600. Ní mìlímítà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ yẹn yóò gba nǹkan bíi wákàtí 18; ní mìlímítà 5,000, yóò parí láàárín wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó mọ iye epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ní wákàtí kan yóò mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí lórí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Nítorí náà, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ mìlímítà 5,000 sílẹ̀ fún ìgbà tí ó ń gé, àti 8,000 fún ìgbà tí afárá ń rìn lófìfo láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ní ti àṣìṣe, ẹ má ṣe kọ ohun tí igi kò lè pa mọ́. Irin tó gùn tó mítà méjì ààbọ̀ ń gùn sí i ní nǹkan bíi 0.3 mìlímítà bí ooru bá fi ìwọ̀n Sẹ́ńtígírédì 10 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ òwúrọ̀ àti ọ̀sán nígbà ọyẹ́ sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi fúnra rẹ̀ ń wú, ó sì ń sún kì lọ́nà tó ju ti irin lọ fíìfíì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà láàárín ibi tí ọwọ́ lè ká, àti ìdajì mìlímítà láti òkè ilẹ̀kùn dé ìsàlẹ̀, tó fún iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dán síkúrúù wò lórí ìwé kí ẹ tó rà á

Oríṣi síkúrúù mẹ́ta ló wà lọ́jà. Èkíní ni ọ̀pá onísíkúrúù tí àwọn tó ń ta bóòtù ń gé tà. Ti M16 ń rin mìlímítà méjì péré ní ìyípo kan, kò sì yẹ kí a tún máa ronú lé e lórí fún iṣẹ́ yìí. Èkejì ni lead screw, tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń fara ha á bí ó ti ń lọ. Ẹ̀kẹta, tó dára jù, ni ball screw, tí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ń yí gbirigbiri láàárín nọ́ọ̀tì àti ọ̀pá rẹ̀, tí kì í sì í mì púpọ̀ nínú ìrìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ball screw kan lead screw náà.

Ball screw ni mo fi sí ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́. Ó nípọn tó mìlímítà 16, ó ń rin mìlímítà márùn-ún ní ìyípo kan, ó sì gùn tó mítà méjì ààbọ̀. Bí mo bá rọra rìn, ó dára gan-an. Bí mo bá ní kí ó rin mìlímítà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, àárín ọ̀pá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí okùn tí àwọn ọmọdé ń fò, gbogbo tábìlì á máa gbọ̀n, bóòtù tó di béárìn mú á sì máa tú. Mo rò pé stepper ni kò lágbára, mo ra èyí tó tóbi jù ú lọ, kò sì yí ohunkóhun padà. Kì í ṣe agbára ni ọ̀ràn náà. Ọ̀pá gbọọrọ èyíkéyìí tó ń yí ló ní iye ìyípo tirẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá; bí ó bá sì ti kọjá rẹ̀, yóò fì.

Bí ẹ ṣe lè mọ iye náà nìyí. Ẹ mú ìnípọn ọ̀pá náà ní ìsàlẹ̀ eyín rẹ̀, ní mìlímítà, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 15.1, kí ẹ tún sọ èyí tó jáde di púpọ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú gígùn ọ̀pá láàárín béárìn méjèèjì, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ sì fi pín èyí tó wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan tí ó bójú mu. Nọ́ńbà 15.1 wà fún ọ̀pá tí béárìn dì mú gírígírí ní orí kan, tí orí kejì sì kàn jókòó sínú béárìn. Bí orí méjèèjì bá wà ní dídì gírígírí, 21.9 ni ẹ ó lò dípò rẹ̀.

Ọ̀pá onímìlímítà 16 nípọn tó nǹkan bíi 13 ní ìsàlẹ̀ eyín. Bí ó bá gùn ní 2,500, ìṣirò náà á fún yín ní ìyípo 314 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe mìlímítà 1,570 ti ìrìn. Ọ̀pá kan náà, bí ó bá jẹ́ 1,200 ni gígùn rẹ̀, lè yí ní ìgbà 1,363, kí ó sì rin mìlímítà bíi 6,800. Ẹ wò ó dáadáa: gígùn di ìlọ́po méjì díẹ̀, ìyára sì já wálẹ̀ sí ohun tí kò tó ìdá mẹ́rin, nítorí gígùn ni a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Ìdí nìyí tí ball screw fi yẹ ìbú ẹ̀rọ náà gan-an, àti ìhà tó ń lọ sókè lọ sílẹ̀, tí kò sì yẹ ọ̀nà gígùn rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí a ra èyí tó nípọn sí i. Ọ̀pá onímìlímítà 25 tó ń rin 10 ní ìyípo kan lè dé nǹkan bíi 5,000 ní ìṣẹ́jú kan ní gígùn mítà méjì ààbọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́sàn-án, agbára tí stepper sì ń lò láti mú ọ̀pá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí àti láti dá a dúró ju èyí tó ń lò lórí ara tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní ohun kan tí ìwé kì í sọ, tí ẹni tó ń gbé Ifẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rò: ọ̀pá gbọọrọ tó gùn tó mítà méjì ààbọ̀ ní láti ti Èkó wá lórí ọkọ̀, gba Ìbàdàn kọjá, kí ó sì dé lọ́wọ́ yín ní títọ́. Bí ó bá tẹ̀ ní mìlímítà kan péré, kò sí béárìn tí yóò mú un ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ráàkì máa ń wá ní mítà kan kan, ẹ sì lè gbé e sínú búùtù ọkọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pá kì í yí rárá, tó jẹ́ nọ́ọ̀tì ni stepper ń yí lórí rẹ̀, tí a sì fa ọ̀pá náà le láti orí méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé nọ́ọ̀tì náà gba ẹni tó mọ ẹ̀rọ lathe lò dáadáa, nítorí náà n kò ní dá a lámọ̀ràn fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ibi tí bẹ́líìtì lè bá yín dé

Bẹ́líìtì oníeyín fúyẹ́, kì í pariwo, kò nílò gíríìsì, owó rẹ̀ sì kéré. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń nà bíi rọ́bà, bí ó bá sì ṣe gùn tó ni yóò ṣe nà tó: bẹ́líìtì mítà méjì ààbọ̀ ń nà ní ìlọ́po márùn-ún ohun tí ti ìdajì mítà ń nà lábẹ́ agbára kan náà. Bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ onímìlímítà mẹ́fà tó wà lára ẹ̀rọ 3D printer kéékèèké kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bí ẹ bá fẹ́ lo bẹ́líìtì, ẹ wá èyí tí okùn irin wà nínú rẹ̀, tó fẹ̀ tó mìlímítà 15 ó kéré tán, bíi HTD 5M, tàbí èyí tí eyín rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dín nínà yìí kù gan-an. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ bẹ́líìtì kan mọ́ ara irin tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí eyín rẹ̀ kọjú sókè. Bẹ́líìtì kejì ni kí ẹ wá dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí eyín rẹ̀ lè wọ inú eyín ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gòkè kìkì ní ibi tí púlì stepper wà láàárín púlì méjì tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí afárá bá ti ń rìn, bẹ́líìtì òkè ń gbéra níwájú, ó sì ń padà lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ibi kúkúrú tó yí púlì ká nìkan ló lè nà, bó ti wù kí tábìlì gùn tó. Bí n kò bá rí ráàkì rà, èyí ni mo máa ṣe. Ohun tí mo bẹ̀rù nínú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun igi tó ń bọ́ sínú eyín tó kọjú sókè; ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀fun tó lágbára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ṣéènì ọ̀kadà

Wọ́n máa ń bi mí nípa ṣéènì ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Ifẹ̀ tàbí Modákẹ́kẹ́ ni ẹ ti lè rà á lónìí kí ẹ sì gbé e délé lónìí. Ṣéènì 428 tó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ní mìlímítà 12.7 láàárín pínnì kan àti èkejì. Àìsàn rẹ̀ ni pé ṣéènì kì í yí sprocket, ìyẹn jíà tí ṣéènì ń gbà lórí, po bí okùn. Títẹ́ ló ń tẹ́ láti pínnì dé pínnì, nítorí náà ìyára afárá ń lọ sókè ó ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo mìlímítà 12.7. Lórí sprocket eléyín mẹ́sàn-án, ìyàtọ̀ náà tó bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí eléyín ogún, ó jẹ́ ìdá kan àti díẹ̀. Ó ń wọ̀ sórí ojú igi bí ìgbì. Ṣéènì tún ń gùn sí i bí pínnì rẹ̀ ti ń jẹ, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀ ní àárín.

Fún tábìlì plasma tó ń gé irin géètì, mo fara mọ́ ṣéènì, bí ẹ bá tẹ́ ẹ sínú irin onígun kí ó má bàa rọ̀. Fún igi, mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan ráàkì, kí ẹ sì ṣírò púlì ìdínkù rẹ̀

Ohun tó mú ráàkì yẹ ọ̀nà gígùn ni pé gígùn kò kàn án. Ráàkì kì í yí, kì í fì, kì í sì nà. Jíà kékeré tó wà lórí afárá ló ń rìn lórí rẹ̀, ibi tí jíà náà ti kan ráàkì kò sì yàtọ̀ ní mítà kejì sí bó ṣe rí ní mítà kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ tábìlì mítà mẹ́fà lọ́la, ẹ óò kàn fi ráàkì kún ráàkì ni.

Module ni wọ́n fi ń wọn eyín rẹ̀. Module 1 tàbí 1.5 ni kí ẹ rà. Láti eyín kan sí èkejì lára module 1 jẹ́ mìlímítà 3.14. Ráàkì àti jíà gbọ́dọ̀ jẹ́ module kan náà, kí dídagun eyín wọn sì jẹ́ dígíríì 20 àwọn méjèèjì, nítorí èyí tí kò bá ara mu lè dà bíi pé ó wọlé, àmọ́ yóò máa jẹ ara rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ráàkì géètì tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Module 4 ni èyí sábà máa ń jẹ́, eyín rẹ̀ tóbi, wọn kò sì ṣe é fún iṣẹ́ tó nílò ìwọ̀n tó péye.

Jíà eléyín ogún ti module 1 ń rin mìlímítà 62.83 ní ìyípo kan. Bí ẹ bá so ó mọ́ stepper ní tààrà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 0.31 mìlímítà, èyí tó pọ̀ jù. Stepper tó ní agbára nyútọ̀n-mítà méjì kò sì ní lè fà ju nyútọ̀nù 200 lọ. Nítorí náà, ẹ fi púlì eléyín 15 sára stepper, kí ẹ fi púlì eléyín 60 sára ọ̀pá jíà, kí bẹ́líìtì kúkúrú sì so wọ́n pọ̀. Ìdínkù ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Ìyípo stepper kan wá di mìlímítà 15.71, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan di 0.08, agbára ìfà sì di nyútọ̀nù 800 nígbà tí ó bá ń rọra rìn. Fún mìlímítà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, stepper kò ní láti yí ju ìgbà 509 lọ, níbi tí stepper oníwọ̀n NEMA 23 tó wà lórí iná 36 tàbí 48 fóòtì ṣì ti lágbára. Stepper tó bá ń yára jù ń pàdánù agbára rẹ̀, èyí tó ń rọra jù sì ń gbọ̀n; ìdínkù tí a yàn dáadáa ń fi í sí àárín méjèèjì. Gíábọ́ọ̀kìsì onírin tí wọ́n ń tà mọ́ stepper lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn olówó pọ́ọ́kú inú wọn ní ohun tí mẹkáníìkì ń pè ní «play», ìyẹn mímì láàárín eyín, èyí sì ni a ń sá fún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi bóòtù de ráàkì, ẹ má ṣe wẹ́ẹ̀dì rẹ̀

Mo bẹ̀ yín lórí èyí. Wẹ́dà tí ẹ bá gbé irin tábìlì fún yóò fẹ́ wẹ́ẹ̀dì ráàkì mọ́ ọn, nítorí ó yá, ó sì le. Ooru wẹ́ẹ̀dì máa ń tẹ ráàkì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe mọ́. Ẹ lu ihò sára irin tábìlì, ẹ gé eyín síkúrúù sínú rẹ̀, kí ẹ fi bóòtù dè é ní gbogbo ibi tí ráàkì ti ní ihò.

Ẹ dojú eyín kọ ilẹ̀ lábẹ́ etí tábìlì, kí ìyẹ̀fun igi má bàa kóra jọ sínú rẹ̀, kí jíà sì máa ti ìsàlẹ̀ gòkè kan án. Níbi tí ráàkì méjì ti pàdé, ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n. Ráàkì module 1 tí wọ́n ń pè ní mítà kan lè jẹ́ eyín 318, èyí tí í ṣe mìlímítà 999.03, nítorí náà ibi tí irin parí sí kọ́ ni ó ń pinnu ibi tí èkejì yóò bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe eyín. Ẹ mú àjákù ráàkì kan, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi ìpàdé náà, kí eyín rẹ̀ wọnú eyín ráàkì méjèèjì, kí ẹ fi kílám̀pù mú un gírígírí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó mú bóòtù le. Àlàfo kékeré tó bá kù láàárín irin méjèèjì kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ fi stepper àti jíà rẹ̀ sórí àwo irin tó ní ìdè kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó lè máa gòkè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ bí ilẹ̀kùn lórí ìdè rẹ̀, kí ẹ sì fi sípíríǹgì tó le fà á mọ́ ráàkì. Sípíríǹgì yìí ló ń pa play run, òun náà ló sì ń jẹ́ kí jíà lè tẹ̀lé irin tábìlì tí kò tọ́ tán, irú èyí tí a ń rí rà níbí. Ó gbọ́dọ̀ le tó pé jíà kò ní fò lórí eyín nígbà tí bíìtì bá kọlu kókó igi.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wọ́ afárá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì

Afárá tó fẹ̀ tó mítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ bá ń fà á láti ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa dagun. Ẹ fi ráàkì àti stepper sí ọ̀tún àti òsì, kí ẹ fi súíìṣì kan sí òpin ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dúró níbi súíìṣì tirẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wá ilé, ìyẹn nígbà tó ń padà lọ sí ibi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó wà ní gígún, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ lu ihò mẹ́rin sórí pílíwúùdù, kí ó jẹ́ 2,400 sí 1,200. Igun sí igun gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 2,683 ní ìhà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ sún súíìṣì ẹ̀gbẹ́ kan síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ wọn ìrìn rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀

Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ fẹ́ mọ iye ìgbésẹ̀ tó wà nínú mìlímítà kan. Ẹ sọ ìgbésẹ̀ 200 di púpọ̀ pẹ̀lú iye tí dráífà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fún stepper ní iná, pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí, àti pẹ̀lú ìdínkù púlì, kí ẹ fi mìlímítà tí jíà ń rìn ní ìyípo kan pín in. Bí dráífà bá pín ìgbésẹ̀ sí mẹ́jọ, ó jẹ́ 200 ní ìlọ́po 8 ní ìlọ́po 4, tí a fi 62.83 pín, ìdáhùn rẹ̀ sì ni 101.86. Lórí GRBL, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń darí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ààyè $100 wà fún ìhà X, $101 sì wà fún ìhà Y; èyí tó bá jẹ́ ti ọ̀nà gígùn ni ẹ ó kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí afárá rin 2,000, kí ẹ fi téèpù irin tó dára wọn ohun tó rìn. Bí ó bá rin 2,001.5, ẹ sọ 101.86 di púpọ̀ pẹ̀lú 2,000, kí ẹ fi 2,001.5 pín in, 101.78 ni ẹ ó wá fi rọ́pò rẹ̀. Láti mọ play tó kù, ẹ gbé dial gauge, ìyẹn ohun ìwọ̀n alábẹ́rẹ́ bí aago, ti afárá, ẹ rìn síwájú mìlímítà mẹ́wàá kí ẹ sì padà sẹ́yìn mẹ́wàá. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò bá padà síbi tó wà, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ju 0.1 lọ, sípíríǹgì ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà síkúrúù kékeré tó di jíà mú sára ọ̀pá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó sábà máa ń ti tú.

Ní àkókò ọyẹ́, ẹ má ṣe kun gíríìsì nípọn sí ráàkì, torí eruku àti ìyẹ̀fun igi yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì di ohun tó ń lọ eyín bí sáńpépà. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ lójoojúmọ́ àti òróró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan tó fún un.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, afárá tó wà lórí ráàkì kò ní ohun tó dì í mú mọ́. Ọwọ́ ọmọdé lè tì í. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbé bíìtì kúrò nínú igi. Nígbà tí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ sí ibi súíìṣì méjèèjì kí ó tó padà sórí iṣẹ́. Nítorí èyí, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa kọ ibi tí igun ilẹ̀kùn wà sí súíìṣì náà sórí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, nítorí nọ́ńbà méjì yẹn ni yóò jẹ́ kí bíìtì padà wọnú ipa tó ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀.